Orin Ìdí Ààrò Inú Fáìlì Tí Kò Ṣí

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí èmi fúnra mi kò fara balẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Odindi oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń dìde, tí mo ń jókòó, tí mo tún ń dìde nínú yàrá mi ní Ṣómólú. Màá gbé omi kaná, màá gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Màá wọ bàtà bí ẹni tó fẹ́ jáde, màá dé ẹnu ọ̀nà, màá padà wá jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ohun tó kó mi sí wàhálà náà kò ju fáìlì kan lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé mi kọjá, bàbá arúgbó kan ló máa rí, tó ń tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra. Kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wá níbẹ̀, àti pé ẹnu náà kò lè sọ ọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Purúùfù, ìwé tí a ń yẹ̀ wò fún àṣìṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́, ni mo ń kà jẹun. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀: láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń lù, tí ẹni tó ń gé pépà ti ń gé e, tí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan, ìwé ìpè ìyàwó kan àti pósítà olóṣèlú kan jọ ń gbẹ lórí tábìlì kan náà. Kí ìwé tó dé orí ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ wa, ó gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ bírò pupa mi. Òfin méjì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi lé mi lọ́wọ́. Èkínní, má ṣe fojú fo ìdọ̀tí lára ìwé. Èkejì, bí purúùfù tuntun bá ti dé, ya ti àtijọ́, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ má baà ṣèèṣì tẹ àṣìṣe. Òfin rere ni méjèèjì. Àwọn méjèèjì náà ni wọ́n gbé mi ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣáájú mi wá sí Èkó láti abúlé wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó fẹ́ ọmọ apẹja, ará etí òkun Òǹdó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Bàrígà, níbi tí ilé pákó ti na ẹsẹ̀ sínú ọ̀sà. Ó gbọ́ èdè ilé ọkọ rẹ̀ débi pé bí inú bá ń bí i, àwa ará ilé rẹ̀ kì í mọ ohun tó ń sọ mọ́, a kàn máa ń mọ̀ pé àwa ló ń bá wí. Ẹja yíyan ni òwò rẹ̀. Lábẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, àwọn obìnrin agboolé náà ní àwọn orin kan tí wọ́n ń kọ nídìí ààrò, tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbọ́ parí. Ọkọ ni wọ́n fi ń bú. Wọn kì í dárúkọ. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe ni wọ́n ń sọ. Ọkọ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ nìkan ló ń rí ìjì lójú ọ̀run. Òmíràn yá ẹ̀wù wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ni ẹ̀wù sì wá jókòó tì í. Méjì tí mo kọ síbí yìí, mo ti yí wọn padà, kí ẹnikẹ́ni má wá dà mí láàmú. Bí ọkùnrin bá yọ lókèèrè, orin náà a di orin ìjọ lẹ́nu wọn, láìfi àtẹ́wọ́ sílẹ̀.

Orin náà nìkan, láìsí ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín lásán ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, ohun tó fà á, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí láàárín òun àti aya rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n lódindi. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ ọ́ ti lọ. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí, ẹja inú yìnyín ni wọ́n ń tà. Wọn kì í jókòó sídìí ààrò pẹ́ débi tí wọn yóò fi bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ọkùnrin ló fẹ́ kọ́, ó ní èmi kì í ṣe ọkọ ẹnì kankan níbẹ̀, èmi sì ni mo ní bírò.

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí. Olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin tí mo ka purúùfù ìwé rẹ̀, rí àwọn ìwé náà lórí tábìlì mi, ó sì jókòó. Òun ló sọ fún mi pé irinṣẹ́ kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, tí èèyàn lè gbé ohùn sí, tí ohùn náà yóò nà gbọọrọ bí eyín ayùn lójú ẹni, tí a ó sì máa tẹ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu gan-an. Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí orin, ìtàn àti èdè ló ń lò ó káàkiri ayé, pé wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí ìǹtánẹ́ẹ̀tì, wọn kò mọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ bá da ọ̀kan láàmú, ìyókù á gbà á. Mo kọ́ ọ. Ó gbà mí lákòókò, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Ìlà méjì ni mo fà sábẹ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: ìlà òkè fún orin, ìlà ìsàlẹ̀ fún ìtumọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi dá. Bí ó bá ń kọrin, mo lè gbà á sínú fóònù. Bí ó bá fẹ́ túmọ̀, á nawọ́, á ní:

"Pa ẹ̀rọ yẹn."

Màá pa á, màá sì máa fọwọ́ tẹ ohun tó ń sọ. Ó mú mi ṣèlérí pé etí ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ìtumọ̀ wọ̀nyẹn títí gbogbo ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ yóò fi papò dà. "Díákónì wà nínú wọn o, àbúrò mi," ó ní, "aya rẹ̀ ló sì ń gbe orin náà jù nígbà náà." Ọdún mẹ́ta la fi ṣe orin mẹ́rìnlélógún. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún dákẹ́, ẹnu dákẹ́. Etí rẹ̀ gbọ́, ojú rẹ̀ mọ èèyàn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí èèyàn bá bi í léèrè, tó bá gbà, á fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fún èèyàn lọ́wọ́ pinpin. Bí kò bá gbà, á kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni fáìlì kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Orin wà nínú fóònù, kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ ìtumọ̀ kò sí níbòmíràn lókè eèpẹ̀ ju inú fáìlì yẹn lọ; àwọn ìwé ìkọ̀wé àkọ́kọ́, mo ti ya wọ́n nígbà tí mo tẹ ohun inú wọn sínú ẹ̀rọ tán.

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi rò ó. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú ojúmọ́. Nígbà tí mo sì rántí pé ojúmọ́ wọn kì í mọ́ pọ̀, mo kí àwọn tí ilẹ̀ ti ṣú bá náà. Mo bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Mo súre fún ẹni tó ṣe irinṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti bí mi, nítorí èèyàn kì í wọ àárín àwùjọ kó má sọ ilé rẹ̀. Nígbà tí mo fi dé orí fáìlì, ojú ìwé ti kún. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo rí wọn tí wọ́n ń dáhùn ẹlòmíràn lókè mi, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gbé fóònù lọ bá ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Bàrígà pé kó bá mi wo ohun tí mo ṣe fún wọn.

Ó kà á, ó bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Bàbá, ẹ kí wọn tán pátápátá kí ẹ tó sọ pé ilé ń jó."

Mo ní ṣé kí n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò mọ̀ rí kí n máa pàṣẹ ni.

"Wọ́n á ti rò pé ìwàásù ni, Bàbá, tàbí àwọn tó ń ta oògùn. Ẹ gbé ohun tó ń ṣe yín lọ sókè. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹ wá kí wọn."

Mo kọ ìlà mẹ́ta. Ara mi ń yún mi bí ẹni tó wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Kí n tó mu ẹ̀kọ tán, èèyàn mẹ́rin ti dáhùn, kò sì sí èyí tó kí mi nínú wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo súre fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni ibùdó ẹgbẹ́ náà lórí ìǹtánẹ́ẹ̀tì bá tì mí síta di ọjọ́ kejì, ó ní ìṣe mi jọ ti ẹ̀rọ tó ń polówó ọjà. Èmi, ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, obìnrin kan ti gba ọ̀rọ̀ náà mú. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ló ń gbé, ìtàn ẹnu àwọn darandaran ló sì ń kó jọ sínú irinṣẹ́ kan náà. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà, n kò lè mọ̀ bóyá 'o' ló ń pè mí tàbí 'ẹ', nítorí náà èmi fúnra mi fi 'ẹ' sí i lẹ́nu, ara tù mí díẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀dà mìíràn tí mo tọ́jú. Mo ní kò sí. Ó bèèrè ti oṣù tó kọjá. Mo ṣàlàyé òfin wa fún wọn: nígbàkigbà tí mo bá tẹ nǹkan tuntun sí fáìlì, mo máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ níbi gbogbo, kódà nínú fíláàṣì tó wà nínú àpótí mi, kí purúùfù méjì má baà wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tóun ti wà níbẹ̀, òun ti rí àwọn tó gbàgbé láti ṣe ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi tọkàntọkàn pa ẹ̀dà, èmi ni àkọ́kọ́.

Wọ́n wá ní kí n gbé fáìlì náà síta, kí gbogbo wọn wò ó.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí. Mo ní ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹnì kan péré rí i. Wọ́n ní àṣà ibẹ̀ ni pé gbangba ni a ti ń tún nǹkan ṣe, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lọ́la lè rí ọ̀nà tí a gbà. Àṣà dáadáa ni. N kò rí ohun tí mo lè fi bá a wí. Ṣùgbọ́n àṣà ìdí ààrò náà wà, èyí tó ní kí orin di ti ìjọ bí ọkùnrin bá yọ. Mo wà láàárín méjèèjì, n kò rí ibi fìdí lé.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Bàrígà. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, bàbá kan máa ń jókòó tó ń tún àwọ̀n ṣe. Orin kẹsàn-án, tirẹ̀ ni. Kò mọ̀. Ó rò pé ìtàn iṣẹ́ ẹja pípa ni mo ń kọ.

"Atẹ̀wé," ó ní, "ẹ ò tíì parí ìwé yẹn?"

Mo ní ó kù díẹ̀.

"Ẹ rí i pé ẹ fi tèmi síbẹ̀ o. Èmi ni mo pa ẹja tó tóbi jù lọ létí omi yìí."

Mo ní ó ti wà níbẹ̀. Mo yára kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé e ró. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́: pé fáìlì ti kọ̀, pé àwọn kan wà lókè òkun tó lè tún un ṣe, pé wọ́n ní láti rí inú rẹ̀, pé ohun tí wọ́n bá rí, gbogbo ayé lè rí i. Mo ní, bí n kò bá fi ránṣẹ́, ìtumọ̀ mẹ́rìnlélógún ló lọ yẹn. Mo ní, àwọn èèyàn náà kò mọ Bàrígà, wọn kò mọ díákónì. Mo rọ̀ ọ́. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rọ̀ ọ́ bí ọmọdé tó ń tọrọ àkàrà. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Mo bínú padà sílé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti bínú sí aláìsàn, mo mọ̀, mo sì ń bínú náà. Mo ń bá a jà lọ́kàn láti ibùdókọ̀ Ladi-Lak títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà mi: ìwọ tí kò lè sọ ọ́ mọ́, ìwọ náà ló ní kí a má gbà á là. Ọjọ́ kẹta, mo gbé fáìlì náà sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Bọ́tìnnì kan ló kù. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Ohun tó dá mi dúró kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn rántí pé àwọn ọmọ-ọmọ bàbá aláwọ̀n yẹn ní fóònù ju èmi lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò ju èmi lọ. Mo mú ìka mi kúrò. Mo kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ náà pé n kò lè fi hàn, pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kọ̀. Ọkùnrin kan dáhùn pé ohun tí àwọn kò rí, àwọn kò lè tún un ṣe, kí n má bínú. Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, obìnrin ìlú yìnyín náà kọ̀wé. Ó sọ pé àwọn darandaran tóun ń bá ṣiṣẹ́ náà ní ìtàn tí wọn kì í sọ àfi bí yìnyín bá bo ilẹ̀, pé òun kò jẹ́ gbé irú rẹ̀ síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ti wù kó rí. Ó wá kọ ọ́ pé:

"Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí i fúnra yín, kí ẹ máa ka àmì inú rẹ̀ fún mi. Ẹ fo ọ̀rọ̀. Àmì nìkan."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ètò ìkọ̀wé tó rọrùn jù nínú kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì náà, èyí tí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kankan sí i. Ló bá ṣí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó fọ́n káàkiri àárín àwọn àmì bí ẹja inú àwọ̀n. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń dúró. Ó bi mí ohun tó wà lójú ìwé kẹta. Mo ní orí ọfà kan tó kọjú sí òsì, nọ́ńbà, orí ọfà tó kọjú sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ tí n kò ní kà, orí ọfà méjì. Ó ní ó dára. Ó bi mí lórí ìkẹrin, ìkarùn-ún. Bákan náà ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wo bí a ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń júwe inú ilé fún àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé.

"Ojú ìwé kìíní àti èkejì ńkọ́?"

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ nìkan ni, ó mọ́ tónítóní, kò sí orí ọfà kankan.

"Ta ló mú wọn kúrò?"

Ohun kan wà tí n kò sọ fún wọn. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. N kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ náà ni. Lẹ́yìn tí àìsàn mú ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ó fojú rí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ tẹ orin díẹ̀ sórí pépà ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí n gbé e dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni. N kò mọ bí irinṣẹ́ yẹn ṣe ń tẹ nǹkan sórí pépà, nítorí náà mo fi ètò tí mo fi ń kọ lẹ́tà ṣí fáìlì náà. Ìdọ̀tí ló kún ojú mi: orí ọfà lọ́tùn-ún, orí ọfà lósì, nọ́ńbà tí kò nídìí. Mo ní ẹ̀rọ yìí mà ti da nǹkan rú. Mo jókòó tì í bí mo ṣe ń jókòó ti purúùfù, mo ń mú ìdọ̀tí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi ń dùn. Kí ojú ẹlòmíràn níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ má sì baà rí àṣírí, mo pa ìtumọ̀ orin mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́, mo fi orin nìkan sílẹ̀. Ojú ìwé méjì ni mo ti ṣe nígbà tí iná lọ, tí bátìrì sì ń kú. Mo tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, nítorí pé purúùfù tó mọ́ nìyẹn, mo pa ti àtijọ́ rẹ́, n kò tilẹ̀ ronú kan ìtumọ̀ mẹ́ta yẹn.

Mo rìn yí yàrá ká. Mo jáde, mo padà. Mo lè sọ pé n kò mọ ẹni tó mú wọn kúrò. Ta ni yóò já irọ́ mi? Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, tí mo fi ń yangàn, òun ni mo fi ba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí gbangba, nítorí pé gbangba ni àṣà wọn, mo sì ti jẹ nínú rẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní òǹkàwé purúùfù ni mí, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ń retí ẹ̀rín. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dà pípa sẹ́yìn kọ ọ́ pé nígbà kan òun náà lo odindi ọ̀sẹ̀ láti fi tún sípẹ́lì àwọn akọ̀wé àtijọ́ ṣe nínú iṣẹ́ òun, kí òun tó mọ̀ pé sípẹ́lì wọn gan-an ni òun ń wá. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ mi, wọ́n gbé e sí ibi tí àlejò ti ń kọ́kọ́ dé, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ètò ìkọ̀wé tún fáìlì wọn ṣe. Wọn kò fi orúkọ mi sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi dá àwọn orí ọfà padà. Obìnrin náà á sọ ibi tí ọ̀kan yẹ kó wà, èmi á fi í síbẹ̀, á ní kí n ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní sùúrù tí n kò ní. Nígbà mìíràn ó ti dé ibi tí oorun ti ń kùn ún, á ní a ó máa bá a lọ lọ́la, èmi á sì jókòó tira mi títí. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Wẹ́sìdé, mo tẹ fáìlì náà, ohùn ẹ̀gbọ́n mi nà gbọọrọ kọjá lójú mi, ìtumọ̀ sì tò sábẹ́ rẹ̀ láti orin kẹrin dé ìkẹrìnlélógún. Lábẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òfìfo.

Mo ti kọ́kọ́ rò pé màá rántí. Èmi tí mo lè sọ ìtàn bí bàbá bàbá mi ṣe kúrò ní abúlé kan dé òmíràn láìfo igi kan lójú ọ̀nà. Mo rántí ti orin kejì dáadáa, mo tún un kọ. Ti èkíní àti ìkẹta, kò sí nǹkankan. Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ, mo ti gbà pé ẹ̀rọ ló ń bá mi gbé e, orí mi sì ti sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní mo gba mọ́kànlélógún là láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, mo rí ọ̀kan fà yọ nínú orí mi, mo sì fọwọ́ ara mi sọ méjì nù. Ó fún mi lọ́wọ́. N kò mọ ohun tó ń gbà sí. Èmi náà fún un lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń gbé orin náà sí i létí, lẹ́yìn náà mo máa ń bi í ní ìbéèrè tó lè fi ọwọ́ tàbí ògiri dáhùn. Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé? Ṣé létí omi níhìn-ín ló ti ṣẹlẹ̀? Ṣé aya rẹ̀ ló dá orin náà? Ìbéèrè mẹ́rin, márùn-ún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ á gbé omi wá, á ní, "Bàbá, ó tó fún òní, Màmá kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù." Orin èkíní gbà wá ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n a rí i. Ọkùnrin náà ti kú. Ó ti kú láti ìgbà tí afárá kejì ìlú Èkó kò tíì sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tó nǹkan: ọbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Orin ìkẹta ni kò jẹ́ kí n gbádùn báyìí. Ọkùnrin kan ni, tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sin aya rẹ̀ dé etí omi ní gbogbo òwúrọ̀, tó sì ń sùn padà kí obìnrin náà tó yí ẹ̀yìn dà. Mo ti bi í nípa gbogbo ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agboolé náà, òkú àti alààyè. Ògiri. Mo bi í nípa àwọn àna. Ògiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi, ni ọ̀rọ̀ kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ yín ni?"

Ohùn kan jáde láti ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rín ni. Láti ọyẹ́ tó kọjá, n kò gbọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ọwọ́ òsì náà ń mì nínú tèmi, omi sì ń dà lójú rẹ̀, n kò sì lè mọ̀ bóyá ó fún mi lọ́wọ́ tàbí ẹ̀rín ló ń mì í. Mo tún un bèèrè. Ó ti dijú. Kò kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti yí orí.

Mo padà sílé, mo ṣí fáìlì, mo wo òfìfo abẹ́ orin ìkẹta. Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: bóyá ọkọ òun fúnra rẹ̀. Mo pa 'bóyá' rẹ́. Mo dá a padà. Mo kọ̀wé sí obìnrin ìlú yìnyín pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wọn sí ohun tí ẹni tó ni í kò sọ, tí kò sì sẹ́. Ó ní wọ́n máa ń kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, títí kan ọwọ́ àti ẹ̀rín. Mo ń gbìyànjú láti kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ku ọjọ́ méjì. Mo ti ń to ìbéèrè, èyí tó ṣe kókó ṣáájú, kó má baà rẹ̀ ẹ́ kí n tó dé ibẹ̀, mo sì ti yí ètò wọn padà nígbà mẹ́ta láàárọ̀ yìí nìkan.